Mo Ń Fajú Ro, Mo Ń Dúpẹ́, Títí Ikọ́ Ife Fi Lọ

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín ní ọsibítù pé ikọ́ ife ló ń ṣe yín, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. N kò ní í sọ pé kí ẹ máa jó, kí ẹ máa yọ̀. Nígbà tí ó ń ṣe èmi, gbogbo ẹni tó bá wí fún mi pé kí n máa yọ̀ ni ọwọ́ mi ń yún láti gbá létí. N kì í ṣe ẹni tí ọpẹ́ yá lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Ẹ bi àwọn tí a jọ ń yan ẹja létí ọ̀sà ní Bàríga, wọ́n á sọ fún yín pé ẹnu Ìyá Ìbùkún mú ju ọ̀bẹ tí ó fi ń la ẹja lọ. Síbẹ̀ mo dúpẹ́ nígbà àìsàn náà. Ojoojúmọ́ ni mo ń dúpẹ́, ojoojúmọ́ ni inú sì ń bí mi. Ohun tí ọpẹ́ tó ti inú ìbínú jáde yẹn ṣe fún èmi àti ọmọ mi ni mo fẹ́ sọ, torí ó lè jẹ́ pé inú ẹ̀yin náà kò dùn báyìí, kí ẹ sì máa rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Ikọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka ikọ́ sí láàárín àwa tí ń yan ẹja? Láti àárọ̀ la ti ń kó igi sábẹ́ àgbá tí wọ́n gé sí méjì, a ó to ẹja sórí nẹ́ẹ̀tì irin, èéfín yóò sì máa wọ ojú, wọ imú, wọ ọ̀fun. Gbogbo wa la ń húkọ́. Ẹni tí kò bá húkọ́ láàárín wa, a ó ní iṣẹ́ ni kò ṣe. A tiẹ̀ ní orúkọ fún un, ikọ́ ààrò là ń pè é. Ìtọ́jú rẹ̀ kò sì le: ṣíbí epo pupa kan láàárọ̀, mílíìkì agolo nírọ̀lẹ́ fún ẹni tí agbára rẹ̀ bá gbé e, èéfín á sì fọ̀ kúrò láyà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá tí mo bá nídìí iṣẹ́ ṣe wí fún mi, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń wí fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi.

Ikọ́ tèmi kò gbọ́ ti epo. Mo fi ṣíbí kún ṣíbí, ó kù díẹ̀ kí n má rí epo se ọbẹ̀ mọ́. Ìyá Táíwò, tí ààrò rẹ̀ kángun sí tèmi, ní, "Igi tútù lo dá lọ́jọ́ òjò yẹn. Èéfín igi tútù máa ń pẹ́ láyà. Fi kún epo ẹ, jàre." Mo fi kún un. Nígbà tó yá, òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bò mí bí mo bá sùn, bí ẹni pé wọ́n da omi lé mi lórí. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi mọ́. Ìró tí mo ń ró tẹ́lẹ̀ tí kò tiẹ̀ kárí, ó ti ń yí mi ká, ó tún ń ṣẹ́ kù. Ọkọ mi, tí ó ń gé ìwé ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ìyá Ìbùkún, ṣé o fẹ́ wọ yunifásítì ni? O ti ń rí bí àwọn sísí Akọ́kà." A jọ rẹ́rìn-ín. Inú mi tiẹ̀ dùn pé mo pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń yí ẹja pa dà lórí iná, ikọ́ gbé mi, mo fi etí ìró bo ẹnu. Nígbà tí mo wò ó, ó pupa. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé epo tí mo mu láàárọ̀ ló ń jáde. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀, èéfín ti ń bá epo bọ̀ nìyẹn. Mo fi ìka rà á, kò yọ̀. Mo gbé e sí imú, kò rùn bí epo. Mo fi ẹja sílẹ̀ lórí iná, mo jókòó sórí ìtí igi. Gbogbo ẹja ọjọ́ yẹn ló jó.

Ẹnu ẹbí kò ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọkọ mi ní kí n lọ gba abẹ́rẹ́ ní kẹ́mísì. Ẹnìkan ní ilé àdúrà ní àfọwọ́fà ni, kí n gbààwẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, Àǹtí Bọ́sẹ̀, tí wọ́n ń ránṣọ ní Abúlé Òkúta, gbé àgbo wá nínú gálọ́ọ̀nù. Wọ́n dúró lé mi lórí títí mo fi mu ún. "Ìyàwó, egbò inú àyà ni. Bí o bá mu èyí tán, á jinná." Kí n má purọ́, mo gba abẹ́rẹ́, mo gbààwẹ̀, mo mu àgbo. Nígbà tí ẹ̀rù bá ń bani, kò sí ohun téèyàn kò ní í gbé mì. Owó tí mo fi ń ra ẹja tútù lọ sí i, ara mi sì túbọ̀ ń rù.

Ìyá mi gbọ́ ohùn mi lórí fóònù láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn kò bi mí ní ìbéèrè púpọ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n dé pẹ̀lú àpò gaàrí àti Bíbélì wọn, torí Onítẹ̀bọmi paraku ni ìyá mi, wọn kì í fi Bíbélì rìnrìn-àjò kí wọ́n má fi gaàrí sí i. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo ọrùn mi. Wọ́n kó àgbo sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Ọ̀la, ọsibítù là ń lọ. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kó wá bá mi sọ ọ́ lọ́hùn-ún."

Ibùdó ìlera ìjọba kan tí kò jìnnà sí wa ni a lọ. Èrò pọ̀ bí ẹni ń pín ìrẹsì ọ̀fẹ́. A gba nọ́ńbà, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ikọ́ gbé mi lẹ́ẹ̀kan, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sún. Ó tún gbé mi, obìnrin náà dìde. Kò pẹ́ tí ó fi ku èmi àti ìyá mi nìkan lórí bẹ́ǹṣì. Ìtìjú bò mí, mo ń wo ilẹ̀. Ìyá mi na ẹsẹ̀ wọn gbalaja, wọ́n ní, "A dúpẹ́, àyè gbà wá." Mo wò wọ́n bí ẹni pé orí wọn ti dà rú. Nọ́ọ̀sì kan ló wá kó gbogbo àwa oníkọ́ jáde sábẹ́ àtíbàbà níta, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Mo rò pé wọ́n ń lé wa ni, àṣé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń tètè dá wa lóhùn. Wọ́n fún mi ní ike kékeré kan tó ní ọmọrí, wọ́n ní kí n hú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àyà sínú rẹ̀.

Nígbà tí a pa dà lọ gbọ́ èsì, nọ́ọ̀sì yẹn náà ló pè wá wọlé. Kẹ́mi ni wọ́n ń pè é. Ọmọdébìnrin ni, ṣùgbọ́n kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní, "Ìyá, ikọ́ ife ni. Ó gbóògùn. Oṣù mẹ́fà lẹ máa fi lò ó, ẹ ò ní san kọ́bọ̀ fún oògùn náà, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ fò ó, bí ara yín bá tiẹ̀ yá." Mo mí kanlẹ̀. Mo ti rò pé ó máa sọ pé kí n lọ kú ni. Ó wá béèrè pé, "Ta lẹ jọ ń sùn?"

Mo ní, "Ọmọ mi."

"Ọmọ ọdún mélòó?"

"Ọdún méjì."

"Ẹ gbé e wá ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o. Ó máa ń tètè wọ ọmọdé lára."

Ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù gidi ti bẹ̀rẹ̀. Àyà mi gan-an ni Ìbùkún ń sùn lé láti ọjọ́ tí mo ti bí i. Orí àyà tó ń húkọ́ yẹn ni. Bí ẹja bá ní egungun, èmi ni mo ń kọ́kọ́ fi eyín rún un kí n tó fi sí i lẹ́nu. Mo sáré délé láti gbé e, mi ò bá a. Ọkọ mi, tí mo ti pè láti ọsibítù, ti fi fóònù sọ fún Àǹtí Bọ́sẹ̀ ohun tí àìsàn náà ń jẹ́, Àǹtí sì ti wá kó ọmọ tòun ti aṣọ rẹ̀ lọ sí Abúlé Òkúta. Mo pè wọ́n. Wọ́n ní, "Ọmọ wa ò ní í kú sí ẹ lọ́rùn. Nígbà tí ara ẹ bá yá, wàá rí i." Mo ní nọ́ọ̀sì fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n pariwo mọ́ mi: "Ọmọ tí nǹkan kan ò ṣe, ẹ fẹ́ gbé e lọ síbi tí àwọn oníkọ́ kóra jọ sí? Ẹ fẹ́ ra àìsàn fún un ni?" Wọ́n gé fóònù. Mo kọjú sí ọkọ mi. Ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Àǹtí ló tọ́ mi dàgbà. Báwo ni màá ṣe lọ já ọmọ gbà lọ́wọ́ wọn?" Àǹtí ló rán an níléèwé lóòótọ́, aṣọ rírán ni wọ́n sì fi rán an. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mo kórìíra àwọn méjèèjì.

Mo bẹ̀rẹ̀ oògùn. Kí wọ́n má tàn yín, oògùn náà le. Ìtọ̀ mi pupa bí zóbò, ìyẹn kò ṣe nǹkan, nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ń rú mi láàárọ̀, oríkèé ń ro mí, oúnjẹ ń rùn sí mi. Àwọn oníbàárà mi ti gbọ́, wọ́n ń gba ọ̀dọ̀ mi kọjá lọ ra ẹja níwájú. Ilé dákẹ́ láìsí Ìbùkún. Àwọn ará ìjọ á wá kí mi láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ẹ máa dúpẹ́ o, sísítà, ẹ̀mí ṣì wà." Màá ní àmín. Bí wọ́n bá lọ tán, màá bú wọn.

Àárọ̀ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oògùn náà ni ìyá mi bi mí pé, "Ta ló pọnmi sílé yìí lánàá?"

Mo ní, "Ìyàwó lánlọ́ọ̀dù ni."

"O ti lọ dúpẹ́?"

"Mo ti dúpẹ́ lánàá, Màámi."

"Tàná nìyẹn. Dìde, lọ kí i pé ó ṣé àná."

Ẹni tó bá dàgbà nílé Yorùbá mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bí ènìyàn bá ṣe wá lóore, a ó dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó tún lọ bá a pé ẹ ṣé àná. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Ṣùgbọ́n ní Èkó, orí fóònù la ti ń ṣe é báyìí, ọ̀pọ̀ wa kò tiẹ̀ ṣe é mọ́. Mo ní, "Màámi, àyà ń dùn mí, ọmọ mi ò sí lọ́dọ̀ mi, ẹ ní kí n lọ dúpẹ́ omi. Inú mi ò dùn."

Wọ́n wò mí dáadáa. Wọ́n ní, "Ta ló bi ọ́ nípa inú? Ẹnu ni mo ní kí o fi dúpẹ́. Bí inú bá fẹ́, kó bá ẹnu lọ́nà. Bí kò bá sì fẹ́, ẹni tó pọnmi á ti gbọ́ ọpẹ́ tirẹ̀."

Mo lọ. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí o, ìyá mi ni n kò lè bá jà. Mo fi aṣọ bo imú, mo dúró lọ́ọ̀ọ́kán, mo ní, "Ẹ ṣé àná o," ojú mi le bí òkúta. Ìyàwó lánlọ́ọ̀dù fẹ̀yìn rìn. Ó ní, "Ìyá Ìbùkún, ṣé ọpẹ́ lẹ̀ ń dú àbí èpè lẹ̀ ń ṣẹ́?" Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́dọ̀ gbogbo wọn. Mo kí ẹni tó bá mi pa iná lábẹ́ ààrò. Mo kí Ìyá Táíwò tó bá mi ta ẹja tó kù. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì Kẹ́mi, tí mo ń lọ gbé oògùn mì níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, mo ní, "Ẹ ṣé àná o."

Ó ní, "Ìyá, kí ni mo ṣe lánàá?"

"Ẹ fún mi lóògùn."

"Iṣẹ́ mi ṣáà nìyẹn."

"Mo mọ̀. Ìyá mi ló ní kí n wí bẹ́ẹ̀."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Ẹ-ṣé-àná ló ń pè mí. Bí mo bá pẹ́ díẹ̀ kí n tó dé, á ti máa béèrè mi lọ́wọ́ àwọn yòókù.

Èyí tí mo rò pé ó máa pa mí ni èyí tó kàn. Ìyá mi ní, "Ta ló bọ́ ọmọ ẹ lánàá?" Mo ní, "Àǹtí Bọ́sẹ̀." Wọ́n ní, "Ṣé o mọ ọ̀nà Abúlé Òkúta?" Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Mo ní ẹni tó jí ọmọ mi gbé ni wọ́n ní kí n lọ kí. Wọ́n ní, "Ó jí i gbé, ó sì bọ́ ọ. Ti jíjí, a ó jà á. Ti bíbọ́, lọ dúpẹ́." Mo ní kí n pè wọ́n lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ojú ni wọ́n fi ń rí ọpẹ́."

Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ síbẹ̀, torí ẹsẹ̀ mi kò tíì gbé mi rìn jìnnà. Àǹtí yọjú lójú fèrèsé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ní, "Dúró síbẹ̀ o! Má wọlé!" Mo ní, "Mi ò wọlé. Ẹ ṣé àná, Àǹtí. Ẹ ṣé tí ẹ bá mi tọ́jú Ìbùkún." Ọ̀rọ̀ náà ń jáde lẹ́nu mi bí ẹni ń sọ òkò. Wọ́n ní, "Kò tọ́pẹ́," torí Yorùbá wo ni wọ́n á dúpẹ́ fún tí kò ní í dáhùn? Mo yí pa dà. Mi ò rí ọmọ mi, mo kàn gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé. Mo gbọ́ ọ, mo sunkún délé. Ọjọ́ kejì, ìyá mi tún bi mí pé ta ló bọ́ ọmọ mi lánàá.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń dúró lẹ́nu géètì Abúlé Òkúta láràárọ̀. Àwọn tó ń ránṣọ nísàlẹ̀ ti mọ̀ mí. Ara mi ń yá díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé mo fura. Òógùn dáwọ́ dúró. Ikọ́ rọlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn lọ. Nọ́ọ̀sì ní àìsàn náà kò lè ti ara mi ran ẹlòmíràn mọ́, pé ọmọ lè pa dà sọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣáà gbé e wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ná. Mo sọ fún Àǹtí láti ìsàlẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ ò ṣàìsàn." Mo ní, "Ẹ ṣé àná." Wọ́n ní, "Kò tọ́pẹ́." Inú mi ń hó bí omi orí iná. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ sí wọn lójú lọ́jọ́ tí ara mi bá le dáadáa, ọ̀rọ̀ tí wọn kò ní í gbàgbé títí wọ́n á fi kú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo dé ibẹ̀, mo kí wọn bí mo ṣe máa ń kí wọn. Àǹtí wò mí láti òkè, wọ́n kúrò lójú fèrèsé. Mo ń retí, kò sí kò tọ́pẹ́. Mo ní ó yá, òní nìjà. Géètì ṣí, wọ́n jáde wá bá mi, wọ́n sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí abẹ́rẹ́ ìránṣọ tí wọ́n há mọ́ aṣọ àyà wọn. Láti ìgbà tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀, wọn kò sún mọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní, "Ìyàwó, jọ̀ọ́, má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi mọ́."

Mo ní, "Kí ló dé?"

"Ọmọ ń húkọ́."

Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Mo ń fún un ní epo. Mo ní èéfín tó gbé wá láti ọ̀dọ̀ yín ló ń jáde. O máa wá láàárọ̀, wàá dúpẹ́ pé mo tọ́jú ọmọ ẹ. Màá ní kò tọ́pẹ́. Màá wọlé, ọmọ á máa húkọ́. Lálẹ́, mi ò lè sùn. Mi ò lè gbọ́ ọpẹ́ yẹn mọ́, Ìyá Ìbùkún. Kò tọ́ sí mi."

Epo. Epo yẹn náà. Àǹtí kò yan ẹja rí láyé wọn, ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ nípa epo. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ fún wọn, n kò rí ọ̀kan mú nínú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ gbé e wá." Wọ́n gbé Ìbùkún sọ̀kalẹ̀. Ó ti rù díẹ̀ lójú. Ó wò mí bí ẹni pé kò dá mi mọ̀, ó wá na ọwọ́. Mo pọ̀n ọ́n, Àǹtí tẹ̀ lé wa láìwọ bàtà tó bára mu, a wọ kẹ̀kẹ́. Inú kẹ̀kẹ́ yẹn ni ẹnu mi tó là. Mo sọ̀rọ̀ sí wọn láti Abúlé Òkúta dé ọsibítù, títí onímárúwá fi ní, "Ẹ̀yin màmá, ẹ rọra, ọmọ wà lẹ́yìn yín."

Wọ́n ya fọ́tò àyà Ìbùkún, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò yí ká. Ọjọ́ tí a fi retí èsì ló burú jù nínú gbogbo àìsàn yìí, ó burú ju ọjọ́ tí mo rí ẹ̀jẹ̀ lọ. N kò lè gbàdúrà. Mo kàn jókòó, mo gbé e lé ẹsẹ̀, mo ń ka mímí rẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì Kẹ́mi pè wá, ó ní ikọ́ náà ti wọ̀ ọ́ lára, ṣùgbọ́n kò tíì rìn jìnnà. Ó ní oògùn tọmọdé wà, omi ni wọ́n ń pò ó mọ́, ó dùn lẹ́nu. Ó wá ní, "Ó dára tí ẹ tètè gbé e wá. Àwọn mìíràn kì í gbé ọmọ wá títí àìsàn náà yóò fi wọ ọpọlọ rẹ̀." Mo yíjú wo Àǹtí. Orí wọn wà nílẹ̀. Wọ́n yẹ Àǹtí náà wò, kò sí lára wọn.

Ìbùkún pa dà sílé lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí ìyá mi tó la ẹnu, mo ti wà lọ́nà Abúlé Òkúta. Mo lọ kí Àǹtí pé ẹ ṣé àná. Ṣé inú mi ti yọ́ sí wọn? Rárá o. Inú ṣì ń bí mi, ó tiẹ̀ tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ẹnu ara wọn jẹ́wọ́ pé ọmọ ń húkọ́, oore sì nìyẹn. Bí n kò bá ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn láràárọ̀ ni, ìgbà wo ni wọn ì bá sọ? Láti ọjọ́ náà ni Àǹtí ti ń wá sílé wa kí wọ́n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, àwọn ni wọ́n ń di Ìbùkún mú kí ó fi gbé oògùn mì, torí pé dídùn tí wọ́n ní ó dùn yẹn, ọmọ mi kò gbà bẹ́ẹ̀. A kì í ṣe kòríkòsùn. A ń kí ara wa, a ń bára wa jẹun. Ọkọ mi náà ti ń gbé orí sókè tó bá ń bá mi sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yan ẹja, bí ikọ́ bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fi epo sílẹ̀, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Mo ti ń pariwo rẹ̀ létí ọ̀sà, Ìyá Táíwò ti lọ, ó ní òun lọ kí n lè gbẹ́nu dákẹ́ ni. Kò sí lára òun náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà lórí oògùn, ẹ lò ó tán. Ara yín á yá kí oògùn tó tán, ẹ má gba ara yín gbọ́. Bí ẹbí bá gbé àgbo dé, ẹ kí wọn pé wọ́n ṣé, kí ẹ gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ní ti ọpẹ́, ẹ má dúró de inú yín. Èmi ò mọ ìgbà tí tèmi ì bá dé.

Oṣù mẹ́fà tèmi pé, nígbà tí oògùn ti Ìbùkún náà tán, wọ́n yẹ àwa méjèèjì wò, nọ́ọ̀sì ní ara wa ti mọ́. Mo ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé lọ́jọ́ náà, mo máa yí gbiri nílẹ̀ ni. Kò sí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀. Ebi ló ń pa mí. A ra bọ́ọ̀lì lójú ọ̀nà, a jẹ ẹ́ délé, mo sùn. Ìyá mi pa dà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo pa dà sídìí ẹja, ṣùgbọ́n mo ti gbé ààrò mi sí gbangba níbi tí atẹ́gùn ti ń gbé èéfín lọ sójú omi. Àwọn oníbàárà ti ń bọ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ.

Lọ́sàn-án ìjẹta, Ìbùkún ní dandan, ẹja gbígbóná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná lòun fẹ́. Mo ní rárá. Ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀, ó ń ta ẹsẹ̀, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń lù. Ìyá Táíwò di etí. Ọkùnrin kan tó ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́bàá omi ní, "Ìyá Ìbùkún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ọmọ yìí ní ohun tó ń fẹ́, etí wa ti di!" Mo fẹ́ pariwo mọ́ ọn kó dákẹ́. Mo wá gbọ́ ohun tí mo ń gbọ́. Ó ń fa èémí sínú dé ìsàlẹ̀ àyà, ó ń fi gbogbo rẹ̀ ké, ó tún ń fà á, ikọ́ kankan kò dá a dúró. Omi bọ́ lójú mi, ẹ̀rín sì gbà mí lẹ́nu, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í nínú eérú. Mo ní kí ọkùnrin náà máà bínú, kó jẹ́ kí ó ké díẹ̀ sí i.